Clarence DeMar, Atẹ̀wé Tí Ó Ń Sáré Lọ Sí Ẹnu Iṣẹ́

Nígbà tí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ilé ìbùgbé wa yóò bá ara wọn díje, pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa a máa kún fún àwọn tí ń sáré ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọjọ́ eré bá sì ti kọjá, ìrì òwúrọ̀ a tún di ti koríko nìkan, nítorí kò sí ẹsẹ̀ tí yóò gbọ̀n ọ́n nù mọ́ títí di ọdún tí ń bọ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà nínú àwọn tí a ń bá wí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ni a fi ọ̀rọ̀ gún lára. Ṣùgbọ́n a ti ka ìtàn ọkùnrin kan tí kò mọ irú ìmúra ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń yára sí i ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó sí ilé. Ó dára lójú wa láti sọ ìtàn náà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, pàápàá nítorí pé òun náà di olùkọ́ nígbà tí ó yá, ó sì kọ́ àwọn tí ń múra láti di olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa. Orúkọ rẹ̀ ni Clarence DeMar.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a sọ irú eré ìje tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Marathon ni orúkọ ibì kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, láti ibẹ̀ ni eré náà sì ti gba orúkọ. Ní 1896, nígbà tí a jí eré Òlíḿpíìkì dìde ní ìlú Athens, a fi eré jíjìn yìí kún un. Ní ọdún kejì, 1897, ẹgbẹ́ eléré kan ní ìlú Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú tiwọn, wọ́n sì ń sá a títí di òní. Ní àtètèkọ́ṣe, ọ̀nà ti Boston gùn tó bí máìlì 24 àti ààbọ̀. Ní 1924 a fi kún un, ní 1927 a sì mú un dé máìlì 26 àti yáàdì 385, tí í ṣe ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò. Kí òǹkàwé fi èyí sí ọkàn, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ṣi DeMar dá lẹ́jọ́ nígbà tí a bá ń ka wákàtí àti ìṣẹ́jú. Kí ó sì rántí pẹ̀lú pé ní ìgbà náà kò sí owó fún ẹni tí ó bá borí. Àmì ẹ̀yẹ ni yóò gbà, yóò sì padà sí ibi tí ó ti ń jẹun òòjọ́ rẹ̀.

A bí Clarence DeMar ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1888, ní Madeira, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Òṣì wọ inú ilé, ọmọdékùnrin yìí sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé, ó ń kiri ọjà wẹ́wẹ́ láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí lọ sí Massachusetts, a sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní erékùṣù Thompson, nínú èbúté Boston, níbi tí a gbé ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ní iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní oko eléso kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, láti ibẹ̀ ni ó sì ti wọ Yunifásítì Vermont. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti rí owó ẹ̀kọ́ san. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń rìn láti ẹnu iṣẹ́ kan sí òmíràn, òun a máa sáré tẹ̀lẹ́tẹ̀lẹ́ kí àkókò má baà lọ lásán.

Kì í ṣe ẹni tí a bí ní eléré. Ó ti di ẹni ọdún 21, ní 1909, kí ó tó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré nínú igbó àti orí òkè fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó rí i pé bí ọ̀nà bá kúrú, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kíákíá a fi òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí ó wà níwájú ń dín kù. Nígbà náà ni ó pinnu pé eré Marathon ni òun yóò sá. Kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ibẹ̀, nítorí ó di dandan kí ó wá owó bọ́ ìyá rẹ̀. Ó lọ sí agbègbè Boston, ó ń gbé ní Melrose, ó sì ń ṣiṣẹ́ atẹ̀wé. Òun ni ó ń to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìlà kan yóò fi pé, àti ìlà lórí ìlà títí ojú ìwé yóò fi kún. Iṣẹ́ sùúrù ni, iṣẹ́ ìdúró sì ni láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní 1910 ó sá eré Boston ní ìgbà kìíní, ó sì ṣe ipò kejì. Ní 1911, ó sáré ní orúkọ ẹgbẹ́ eléré kékeré kan ní North Dorchester. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣègùn tí ń yẹ àwọn eléré wò gbọ́ ìró kan nínú àyà rẹ̀ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò dá ṣáṣá, pé kí èyí jẹ́ eré ìkẹyìn rẹ̀, àti pé bí ó bá rẹ̀ ẹ́ ní ojú ọ̀nà kí ó dúró. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Ó sáré, kò dúró, ó sì borí ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú-àáyá 39. Kò sí ẹni tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní ọ̀nà náà.

Ní ọdún 1912 a yàn án láti lọ sí eré Òlíḿpíìkì ní Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden. Oòrùn mú ní ọjọ́ náà gidigidi. Francisco Lázaro, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Portugal kan, ṣubú ní ojú ọ̀nà, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. DeMar parí eré ní ipò kejìlá. Kò dùn mọ́ ọn bí àwọn tí ń tọ́jú ẹgbẹ́ náà ti fi agbára darí gbogbo wọn bí ẹni ń da agbo ẹran, tí wọn kò jẹ́ kí olúkúlùkù tẹ̀lé ohun tí ara tirẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí ó padà dé ilé, ó jáwọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn kò kúrò ní etí rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn sì ń dà á láàmú pẹ̀lú, nítorí ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè bí ó bá tọ́ kí onígbàgbọ́ máa lépa ìyìn ènìyàn ní ojú títì. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí kò parí ń pè é. Ó tọ ìpè náà lọ, ó gba oyè ní Harvard ní 1915, lẹ́yìn náà ó sì gba òmíràn ní Yunifásítì Boston. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní 1917 ó yọ ojú sí eré Boston, ó sì ṣe ipò kẹta bí ẹni pé kò lọ síbì kan, ṣùgbọ́n ogun dé, ó wọ iṣẹ́ ológun, a kò sì rí i mọ́. Báyìí ni ọdún mẹ́wàá fi kọjá lọ, ọdún tí ara ènìyàn sábà máa ń le jùlọ fún irú iṣẹ́ yìí.

Ìhín ni a ti dúró pẹ́ nígbà tí a ń ka ìtàn rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ ọ́ di ìtàn àtijọ́, kí ó máa fi àmì ẹ̀yẹ 1911 han àwọn ọmọ rẹ̀. DeMar rí i pé ní gbogbo ìgbà tí òun bá fi ẹ̀sọ̀ sáré, àyà kì í dun òun, oorun kì í dá lójú òun, iṣẹ́ kì í sì ṣòro fún òun, kàkà bẹ́ẹ̀ ara òun a máa le sí i. Ó dán ara rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, ó sì padà sí ojú ọ̀nà. Ní 1922, ní ẹni ọdún 33, ó tún gba ipò kìíní ní Boston, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 18 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo èyí gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Bí a bá fi máìlì 24 àti ààbọ̀ pín àkókò rẹ̀ ti 1911, máìlì kan gba bí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 47. Ní 1922, máìlì kan gba bí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 38. Ọkùnrin tí a ti sọ fún pé kí ó má sáré mọ́ ti fi bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án yára sí i ní orí máìlì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá.

Báwo ni ó ṣe rí i ṣe? Òṣìṣẹ́ ni, kò sì ní ọ̀sán láti fi ṣeré. Ohun tí ó ṣe kò ní àdììtú nínú: ó sọ ọ̀nà ibi iṣẹ́ di pápá. Dípò kí ó san owó ọkọ̀, a máa sáré láti ilé lọ sí ilé ìtẹ̀wé, pẹ̀lú ẹ̀wù gbígbẹ tí yóò wọ̀ ní ọwọ́, a sì máa sáré padà ní ìrọ̀lẹ́. Ní àwọn oṣù tí ó ṣáájú eré Boston, tí í bọ́ sí oṣù kẹrin ọdún nígbà tí òtútù kò tíì tán, iye máìlì tí ó ń sá a máa tó 100 ní ọ̀sẹ̀ kan, a sì máa sá bí 20 ní ẹ̀ẹ̀kan ní àwọn ọjọ́ tí àyè bá wà. Kì í fi gbogbo agbára sáré ní ojoojúmọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ eré pẹ̀lẹ́. Àwọn eré ìje kéékèèké tí àwọn ẹgbẹ́ eléré agbègbè náà ń ṣe ni ó fi ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìyára. Bí ó bá sì gbọ́ pé oúnjẹ kan tàbí àṣà kan dára, a dán an wò lára ara rẹ̀, a sì mú èyí tí ó bá a mu.

Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí ara ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ ti fi ìdí ọgbọ́n yìí múlẹ̀. Ọkàn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ jẹ́ iṣan gẹ́gẹ́ bí ti apá. Bí a bá ń lò ó níwọ̀n lójoojúmọ́, a máa le sí i, a sì máa ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ síi síta ní ìlù kan ṣoṣo. Nítorí náà ìlù díẹ̀ a tó o níbi tí ọkàn ẹlòmíràn ti ń lù kìkì. Iṣan ẹsẹ̀ pẹ̀lú a kọ́ láti máa jó ọ̀rá inú ara, kí ṣúgà tí ó wà nípamọ́ nínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ má baà tètè tán. Ṣúgà yìí ni í máa ń tán fún ẹni tí kò múra tó, nígbà tí ó bá dé bí máìlì 20, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Kò sí ohun tí a lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rà nínú ìwọ̀nyí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní 1923 ó tún borí, àti ní 1924. Ní oṣù keje ọdún 1924 náà ó lọ sí eré Òlíḿpíìkì ní Paris. Albin Stenroos, ará Finland, ni ó gba ipò kìíní, Romeo Bertini, ará Itálì, gba ipò kejì, DeMar sì gba ipò kẹta, ó kù díẹ̀ kí ó bá Bertini. Lẹ́yìn èyí ni ìlọsẹ́yìn dé. Ní 1925 ó ṣe ipò kejì ní Boston, ní 1926 ó ṣe ipò kẹta. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ń lọ sí 38.

Ní 1927, nígbà tí a mú ọ̀nà Boston dé ìwọ̀n rẹ̀ pípé, ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà ojú títì ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn eléré. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ jáwọ́. DeMar dé ìparí ní ipò kìíní, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 40 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22. Ní 1928 ó tún borí ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 37 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7. Ní 1930, ní ẹni ọdún 41, ó borí ní ìgbà keje, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 34 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48. Ẹ kíyèsí i pé ọ̀nà kan náà ni ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé bí ọjọ́ orí ti ń lọ sókè ni ìṣẹ́jú ń lọ sílẹ̀. Títí di òní, nínú àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ sáré, kò sí ẹni tí ó ti borí ní Boston ní ìgbà méje bí tirẹ̀, kò sì sí ọkùnrin tí ó dàgbà jù ú lọ tí ó ti gba ipò kìíní.

Ní àkókò yìí àwọn ọ̀mọ̀wé ní Harvard ń wádìí ohun tí í mú kí ó rẹ ènìyàn. Wọ́n pe DeMar, wọ́n mú un sáré ní orí ẹ̀rọ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n wọn èémí rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá sáré kọjá agbára rẹ̀, oje kíkan kan a máa gbá jọ. Ní ìwọ̀n ìsáré tí oje yìí fi pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ti DeMar fẹ́rẹ̀ má kúrò ní ipò ìsinmi. A lè wí pé ohun tí í ṣe làálàá fún wọn ti di ìrìn ojoojúmọ́ fún òun.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920 ni a pè é láti wá kọ́ni ní Keene, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti ìtàn iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1929 ó gbé ìyàwó, Ọlọ́run sì fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Olùkọ́ tí ó gba ipò kìíní ní 1930 jẹ́ ẹni tí ó ní ìwé láti yẹ̀ wò àti ilé láti bójú tó. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí eré, bẹ́ẹ̀ ni kò fi iṣẹ́ ṣe àwáwí.

Òpìtàn tí ó bá ń sọ ìyìn nìkan kò tíì sọ ìtàn. DeMar kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá rìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa le, kì í sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun. Bí ẹnìkan nínú àwọn olùwòran bá dí i lọ́nà nígbà tí ó ń sáré, ó lè fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A kò rí ohun tí a lè fi wẹ èyí mọ́. Kìkì ohun tí a lè wí ni pé ẹni tí ó lè kó ẹsẹ̀ rẹ̀ níjàánu fún máìlì 26 kì í ṣe aláìlè kó ọwọ́ rẹ̀ níjàánu. Bí ó bá sì nira fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí àwa tí pàṣán yóò wà ní ọwọ́ wa ní iwájú àwọn ọmọdé kíyèsára.

Nígbà tí kò lè borí mọ́, kò bínú kúrò. Ó padà sí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ń ṣe oko díẹ̀ ní Reading, ní Massachusetts, ó sì ń sá eré Boston lọ láàárín àwọn tí ó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní 1954, ní ẹni ọdún 65, ni ó sá a kẹ́yìn. Àrùn jẹjẹrẹ mú un, ó sì kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1958, lẹ́yìn tí ó pé ẹni àádọ́rin ọdún ní ọjọ́ mẹ́rin péré.

Àwọn oníṣègùn yẹ ọkàn rẹ̀ wò lẹ́yìn ikú, ọkàn tí a ti sọ ní 1911 pé kò lè gbà á. Ní 1961, Paul Dudley White àti James Currens tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn náà fẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹlòmíràn. Ìdọ̀tí tí í bá ogbó dé ti lẹ̀ mọ́ inú wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí fífẹ̀ wọn, kò dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọkàn ni ó pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí wí pé kí a má gbọ́ ti oníṣègùn mọ́. Ní ìgbà náà, etí ni wọ́n fi ń mọ ohun tí ó wà nínú àyà. Lónìí ẹ̀rọ wà tí ń fi àwòrán ọkàn hàn bí ó ti ń lù, ó sì ti yé wa pé a máa ń gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ nínú àyà àwọn eléré tí ara wọn le. Nígbà tí DeMar gbọ́ràn, kò ṣe ohun ìtìjú, ó sì fi àwọn ọdún náà gba ẹ̀kọ́ tí ó sọ ọ́ di olùkọ́. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò jẹ́ kí ìbẹ̀rù jókòó sí ipò ẹ̀rí. Ó fi sùúrù wá ẹ̀rí nínú ara rẹ̀, nígbà tí ó sì rí i, ó dìde.

Ní Keene, láti 1978, a ti ń sá eré Marathon kan tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń sá a jẹ́ òṣìṣẹ́ bí tirẹ̀, tí ń jí ní kùtùkùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ a ó tú wa ká sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní pápá, tí kò sì ní olùkọ́ eré, ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tí kò ní ọ̀nà láti ilé dé ẹnu iṣẹ́. Ní tiwa, a ti pinnu pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó tẹ̀lé eré ìje ọdún yìí, a ó wà ní pápá kí agogo tó lù. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa gbọn ìrì náà nù, kí ó wá.